Èékánná Ọmọńdinrín

Lẹ́yìn sọ́míìlì Láfẹ́ńwá, nítòsí ibi tí ojú irin ti gun afárá kọjá odò,
ṣọ́ọ̀bù wa gba bẹ́ǹṣì kan àti ènìyàn mẹ́ta,
ẹ̀kẹta gbọ́dọ̀ dúró.

Ṣówùnmí gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀ dé láti ọ̀nà Olókemèjì,
ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì bí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná.
"Kò lágbára mọ́," ó ní. "Ó ń bẹ igi ni.
Mo fẹ́ kó máa pàṣẹ."

Mo tú u. Sìlíńdà jáde, inú rẹ̀ ń dán,
ẹnu ibi tí èéfín ń gbà dúdú bí ìkòkò tábà.
Mo ká bébà ìwé ìṣirò àbúrò mi sínú rẹ̀,
mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, èérí epo sì ya àwòrán sí i:
fèrèsé tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé,
ọ̀nà kọ̀rọ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́,
ilẹ̀kùn tí èéfín ń gbà sá jáde
nígbà ẹgbàárin láàárín ìṣẹ́jú kan.
Ilẹ̀kùn yẹn ló há.
Ẹni tó rọ ọ́ fi ẹ̀gún irin sílẹ̀ létí rẹ̀,
àmì ìkánjú ẹnì kan tí mi ò mọ̀, ní ìlú òtútù.

Mo mú fáìlì roboto, tó tín-ín-rín bí ọwọ̀ọ igbálẹ̀.
"Ẹ̀gbẹ́ ni kó o fẹ̀," bàbá mi máa ń wí, "òkè ni kó o bẹ̀rù.
Bó o bá gbé òkè ga jù, agbára á ti sá lọ kó tó ti písítìn,
ayùn á máa ké lásán, kò ní jẹ igi."
Ìbú irun kan. Mo wọ̀n ọ́n. Ìbú irun kan sí i.

Sìlíńdà kan wà lára ògiri, ìṣó ló gbé e rọ̀.
Ọdún tí wọ́n bí mi ni bàbá fẹ̀ ẹ́,
ó fẹ̀ ẹ́ títí ihò fi di ẹnu aláìnítìjú;
ríìngì yọjú síta wo ayé, kò rí ọ̀nà padà.
Ó ṣẹ́. Ó ha gbogbo inú bí ológbò.
Ayùn Olóyè Ṣóbándé ni. Oṣù mọ́kànlá ni bàbá fi san án.

"Fẹ̀ ẹ́ sí i, Àwẹ̀ró," Ṣówùnmí ní.
Mo ní: "Igi wo lẹ tún fẹ́ gé?
Ìrókò tí ẹ gbé kọjá lánàá, bí mo bá gbá a mọ́ra, ọwọ́ mi á pàdé."
Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kúrú.
"Ìyẹn gan-an ni. Igi ń kéré, ọ̀nà ń jìn,
bí mi ò bá sì tètè gé e kí ilẹ̀ tó mọ́..."
Ó pa ẹnu dé. Mi ò bi í mọ́.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé e lé bàbá lọ́wọ́.
Ojú rẹ̀ ti ṣú láti ọdún méjì,
èékánná ọmọńdinrín ló fi ń ríran.
Ó tì í bọ inú, ó yí i, ó dúró.
"Níbí." Mi ò rí nǹkan kan.
"Níbí, Àwẹ̀ró. Etí yìí mú. Ríìngì á kọ́ ọ."
Mo tan iná fóònù: bíńtín,
bí eyín ọmọ tó fẹ́ yọ lábẹ́ èrìgì.
Mo fi sándípépà kíkúnná lọ̀ ọ́ títí ó fi tẹríba.

Lọ́jọ́ kejì a tò ó. Ṣówùnmí fà á, ó kọ̀.
Ó tún fà á, ó fèsì.
Ó la gẹdú abúrà tó tó ikùn màlúù kí n tó parí ẹní, èjì, ẹ̀ta.
Bàbá gbé orí sókè.
"Epo ò tó o. Ẹni tó ń mí tó báyìí, ó yẹ kó jẹun sí i.
Yí i sósì díẹ̀."

Ó sanwó, ó gbé e lé ọ̀kadà, ó forí lé ọ̀nà igbó.
Mo gbá eruku fàdákà jọ sínú agolo mílíìkì.
"Èló lo gé kúrò?"
"Kò kún ṣíbí."
Bàbá mi orí. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ògiri,
ó ń wá ìṣó yẹn.